Iṣan inú ọrùn bàbá mi ti di eegun, ó sì ń fún okùn ọ̀pá ẹ̀yìn wọn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bàbá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún 63 ni wọ́n, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ á bọ́, fóònù á bọ́, ife á bọ́. Nígbà tó yá, bọ́tìnì ẹ̀wù di ohun tí ìyá mi ń bá wọn ṣe. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ kọ, tó máa ń gún régé tẹ́lẹ̀, ti wá rí wúruwùru. Ní ti ìrìn, wọ́n ní ó dà bíi pé orí tìmùtìmù ni àwọn ń rìn, àwọn kì í mọ̀ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

A kọ́kọ́ ní àgbà ló dé. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní àtọ̀gbẹ ló ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, wọ́n fún wọn ní oògùn. Òmíràn ní iṣan ló há ní ọrùn ọwọ́, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ la ọwọ́ náà. Dókítà kẹta ló fi òòlù kékeré gbá orúnkún wọn, tí ẹsẹ̀ fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ló ní ká lọ ya àwòrán ọrùn. Ohun tí MRI àti CT fi hàn ni pé iṣan gígùn tó so àwọn eegun ọrùn pọ̀ láti ẹ̀yìn ti di eegun, láti ìkẹta dé ìkẹfà. OPLL ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ó ti gba ju ìdajì ihò tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà kọjá lọ, okùn náà fúnra rẹ̀ sì ti ní àpá funfun kan nínú àwòrán.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kàn. Bàbá ní rárá, pé ọrùn kò tilẹ̀ dun àwọn, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi la ibi tí kò dunni? Ṣé kò sí oògùn tó lè yọ́ eegun yìí ni? Ṣé a lè dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kódà bó bá korò.

Ẹ̀rín Ayọ̀

Ọmọ Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú àgbà. Ó di ọdún kẹrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lórí nǹkan yìí gan-an, ọmọ ọdún 58 ni mí nígbà náà.

Ọrùn kò dun èmi náà rí. Ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. A ti fi sọ́kàn pé ibi tó bá ń dunni ni àìsàn wà, bẹ́ẹ̀ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ké bí wọ́n bá ń fún un díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rán ní ń bàjẹ́. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ kú tipiri ní ṣóńṣó ìka, mo rò pé bí mo ṣe sùn lé e ni. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò ṣeé mú mọ́. Tí mo bá tẹrí ba, ohun kan á sáré láti ẹ̀yìn ọrùn gba ẹ̀yìn mi lọ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé èèyàn. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń sọ pé yóò lọ.

Kò sí oògùn tó ń yọ́ eegun náà. Mo bi dókítà mẹ́ta, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Oògùn tí wọ́n ń fúnni wà fún ríro àti fún ọwọ́ tó ń jóni, kò lè kan eegun tó ń tẹ okùn.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan nílé. Ẹ ní kí Bàbá na ọwọ́ kan síwájú, kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n tún la gbogbo ìka sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n máa ṣe é lọ kíákíá fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Kí ẹ máa kà á. Ẹni tí okùn rẹ̀ bá dá ṣáṣá máa ń ṣe é tó ìgbà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ṣe 9 lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ilé rọ́pò ilé ìwòsàn, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí i.

Nọ́ọ̀sì Òru

Wọ́ọ̀dù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe tò nínú lọ́hùn-ún, nítorí bí Bàbá bá lóye ibi tí wàhálà wà, ọ̀rọ̀ á rọrùn.

Eegun 7 ló wà ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìbàdí. Wọ́n tò léra, ihò sì wà láàárín wọn láti òkè délẹ̀. Inú ihò yẹn ni okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà láti inú ọpọlọ wá, ó sì pin sí nǹkan bí eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì. Kò nípọn ju ìka ọwọ́ tó kéré jù lọ. Gbogbo àṣẹ tó ń lọ sí apá, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ìdí, inú rẹ̀ ló ń gbà.

Iṣan oríṣi méjì ló so àwọn eegun yìí pọ̀ tó kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀kan gùn gbọọrọ bí ọ̀já, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àwọn eegun náà, ìyẹn ni pé iwájú okùn ló wà. Èyí ni ti Bàbá. Ìkejì wà lẹ́yìn okùn, ó pọ́n bí ìyeyè, ó sì máa ń fà bíi rọ́bà kí èèyàn lè tẹ̀ kó sì nà. Nígbà míì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eegun sínú iṣan yìí. Kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan o. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń nípọn, díẹ̀díẹ̀, okùn á máa fún ara rẹ̀ mọ́ra títí àyè á fi tán. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi lè gbé e kiri láìmọ̀.

Ibi tí àyè kù sí ni kí ẹ bèèrè. Àwọn tó ti ń wádìí rẹ̀ tipẹ́ rí i pé bí àyè tó ṣẹ́ kù fún okùn kò bá tó mìlímítà 6, tàbí bí eegun bá ti gba tó 60 nínú 100 ihò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí àmì kì í yọ lára rẹ̀. Ẹni tó ní mìlímítà 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ wọn le, torí bí ọrùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀ náà ń dá kún un: ọrùn tó ń mi ń fi okùn ha ara eegun tó ti le.

Ẹ má jẹ́ kí Bàbá máa dá ara wọn lẹ́bi. Ohun tí a bí mọ́ni wà níbẹ̀, ó máa ń rìn nínú ẹbí. Àtọ̀gbẹ àti sísanra jù máa ń bá a rìn. Ọkùnrin ló ń mú ju obìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn ọdún 50. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ni Japan, níbi tí wọ́n ti ń rí i lára nǹkan bí 2 sí 4 nínú 100 àgbàlagbà. Láti 1975 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa wádìí rẹ̀. Èyí kò sọ pé àwọn yòókù bọ́. Ohun tí kò bá wọ́pọ̀ níbì kan, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tètè pè é ní nǹkan mìíràn, bí wọ́n ṣe pè é fún Bàbá.

Adúrótini

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo yín ń sáré sọ̀rọ̀ abẹ? Ẹnì kan wà tó mọ̀ nípa ká yí ọrùn. Á mú orí, á yí i lẹ́ẹ̀kan, á dún kọ̀kọ̀, ara á sì fúyẹ́. Ó ṣe é fún mi nígbà tí ọrùn mi gan. Ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò ná.

Físíò Onísùúrù

Ẹ̀gbọ́n Adúrótini, mo mọ̀ pé inú ire lẹ fi sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni tó ní irú àìsàn yìí nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń ṣe, ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun, èmi gan-an kì í yí ọrùn irú aláìsàn yìí. Ọrùn yín gan nítorí ẹran ara tó le, ìyẹn yàtọ̀. Ti Bàbá, eegun líle ló dojú kọ okùn rírọ̀, àyè tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Yíyí lójijì, fífà, títẹ̀ sẹ́yìn, èyíkéyìí nínú wọn lè sọ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wọlé di ẹni tí wọ́n gbé jáde. Kì í ṣe yíyí nìkan o, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọrùn gùn náà kò yẹ wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọrùn yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti wo àwòrán yín.

Adúrótini

Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. N kò mọ̀ pé ó jìn tó báyìí. Ọmọ Bàbá, ẹ foríjì mí.

Mo Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí pé kì í ṣe gbogbo wa ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọkọ̀ kan ló kọ lù wá lẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ya ọrùn mi kí ọkàn lè balẹ̀, wọ́n bá rí eegun níbi tí kò yẹ kó wà. Ọdún kẹfà rèé. Ọwọ́ mi dá, ẹsẹ̀ mi dá, àyè okùn mi jẹ́ mìlímítà 11. Ọdọọdún ni mò ń lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á gbá orúnkún, wọ́n á ní kí n rìn lórí ìlà tààrà, wọ́n á ya MRI nígbà tó bá yẹ. Dókítà mi ní òun kò ní la ẹni tí kò ní àmì kankan lára.

Àmọ́ mo yí ìgbé ayé mi padà. Ẹ̀rù ìṣubú ló ń bà mí jù, nítorí ẹni tó ní eegun yìí, ìṣubú kékeré tí ẹlòmíì á gbọnra nù níbẹ̀ lè ba okùn rẹ̀ jẹ́. Mo kó kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀. Iná ń jó lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Mo ní irin ìdìmú níbi tí mo ti ń wẹ̀. N kì í gun àkàbà. N kì í gbé orí mi sẹ́yìn fún ẹni tó ń fọ irun, iwájú ni mo máa ń tẹ̀ sí. Bí mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, mo máa ń sọ ọ́ kí n tó jókòó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ìwé kékeré kan wà nínú àpò mi tó sọ pé mo ní OPLL ní ọrùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kùn mí lóorun fún iṣẹ́ abẹ yòówù, kódà bó jẹ́ ti ikùn, dókítà tó ń kunni lóorun gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó tẹ orí mi sẹ́yìn láti ki rọ́bà èémí sí mi lọ́fun.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ọ̀gá Mo Ń Ṣọ́ Ọ, ẹ ṣé gan-an. Ọmọ Bàbá, ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa kí Bàbá má bàa fi ti ọ̀gá yìí gbè ti ara wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá kò ní àmì kankan. Bàbá ti ní ti ọwọ́, ti ẹsẹ̀, wọ́n ti ṣubú, àpá sì ti wà lára okùn. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn gbé jáde ní 2017 fún irú okùn ọrùn tí wọ́n ń fún báyìí kò fi bò: ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé àárín tàbí tó ti le, iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì fúyẹ́, ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì lè jẹ́ eré ìdárayá lábẹ́ ojú oníṣègùn, tí wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ kún un bí kò bá dáa sí i. Ẹni tí kò ní àmì, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ẹ tún bi wọ́n nípa ìtọ̀. Ṣé ó ń pẹ́ kó tó jáde? Ṣé wọ́n ń sáré kó tó bọ́? Àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á ní ti ọjọ́ orí ni. Dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Aya Rẹ̀ Ọ̀wọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Ti ọkọ mi kì í ṣe ọrùn. Iṣan tó pọ́n bí ìyeyè tí nọ́ọ̀sì sọ ló le, ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àyà, láàárín eegun kẹwàá àti ìkọkànlá. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹsẹ̀ nìkan ni. Ó ní orúnkún òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu, pàápàá bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohun kan sì ń fún un ní àyíká ikùn bí ìgbà tí wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ ọn jù.

Gbogbo dókítà tí a rí, ìbàdí ni wọ́n ń wò. Wọ́n ya ìbàdí, wọ́n rí díẹ̀ níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí i lára gbogbo ẹni tó ti lé ní 50. Oṣù mọ́kànlá la fi ń tọ́jú ìbàdí tí kò ṣẹ̀. Ìgbà tí ìtọ̀ dúró tí kò jáde mọ́ ni dókítà ọ̀dọ́ kan ní pàjáwìrì tó sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká ya gbogbo ẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀.” Ó ṣì ń dùn mí. Ká ní ẹnì kan ti sọ gbólóhùn yẹn lóṣù kejì!

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà láti ẹ̀yìn, wọ́n gé eegun tó bo ihò náà kúrò pẹ̀lú iṣan tó ti le. Ó ti lẹ̀ mọ́ awọ tó bo okùn, awọ náà ya, omi inú rẹ̀ sì jò. Ọjọ́ mélòó kan ló fi sùn gbalaja kó tó san. Lónìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìtọ̀ padà, ìdúpẹ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì kò padà bọ̀ sípò tán.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ nìkan ń yọ lẹ́nu, bí àwòrán ìbàdí kò bá sọ ohun tó bá ìrìn yín mu, ẹ bèèrè fún òkè. Ọmọ Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wo ẹ̀yìn àyà Bàbá, torí ẹni tó bá ní i ní ọrùn lè ní i níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tún ọrùn nìkan ṣe, ẹsẹ̀ lè má dáa.

Ọmọ Bàbá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún un kà. Omi bọ́ lójú mi níbi ọ̀rọ̀ ìyá wa yìí. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfaradà.

A ṣe ti ẹ̀ṣẹ́ dídì yẹn lálẹ́ àná. Mo ní kí Bàbá àti Màmá jọ ṣe é, kí Bàbá má bàa rò pé àyẹ̀wò ni mò ń ṣe fún wọn. Màmá ṣe 22. Bàbá ṣe 8, ìka méjì tó kẹ́yìn kò sì là tán. Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. Wọ́n ní ká tún un ṣe. 8 náà ni. Wọn kò sọ nǹkan kan títí a fi lọ sùn. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni dókítà yẹn máa ń jókòó.

Ìbéèrè tó kù: dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà, iwájú ọrùn tàbí ẹ̀yìn. Èwo ló sàn?

Ẹ̀rín Ayọ̀

Ọlọ́run ṣeun! Ti èmi, ẹ̀yìn ni. Wọn kò yọ eegun tó hù náà rárá, èyí sì yà mí lẹ́nu. Àyè ni wọ́n fún okùn. Eegun tó ṣe bí òrùlé lẹ́yìn ihò náà, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ já, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ kejì lójú kó lè tẹ̀, wọ́n wá ṣí i bí ilẹ̀kùn, wọ́n fi irin kékeré gbé e dúró kó má padà. Okùn á sún sẹ́yìn kúrò lára ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Dókítà ará Japan kan, Hirabayashi, ló ti gbé ọgbọ́n ilẹ̀kùn yìí jáde láti nǹkan bí 1977.

Nọ́ọ̀sì Òru

Kò sí èyí tó sàn fún gbogbo èèyàn. Bí ọrùn ṣe tẹ̀ àti bí eegun náà ṣe tóbi tó ló ń pinnu rẹ̀. Wọ́n máa ń fa ìlà kan lórí àwòrán, láti àárín ihò ní eegun ọrùn kejì dé àárín ihò ní ìkeje. Bí eegun tó hù kò bá dé ìlà yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá ti kọjá ìlà, tàbí ọrùn ti tẹ̀ síwájú, okùn kò ní lè sún sẹ́yìn tó, ilẹ̀kùn yòówù kí wọ́n ṣí. Nígbà náà, wọ́n lè gba iwájú láti lọ bá eegun náà fúnra rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn kí wọ́n sì fi skúrù de àwọn eegun pọ̀.

Ọ̀nà iwájú ń bá ọ̀tá gan-an jà, ṣùgbọ́n ó nira jù. Ó lè mú kí oúnjẹ ṣòroó gbé mì tàbí kí ohùn há fún ìgbà díẹ̀, awọ okùn sì máa ń tètè ya bí eegun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà ẹ̀yìn rọrùn jù fún ẹni tí tirẹ̀ gùn bíi ti Bàbá, ṣùgbọ́n eegun tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì lè máa dàgbà, nítorí náà àyẹ̀wò kò ní parí.

Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ láwọn ìbéèrè wọ̀nyí tààrà: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣe irú rẹ̀? Ṣé CT fi hàn pé awọ okùn náà ti ń di eegun? Ṣé ẹ máa lo ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ iṣan ìmọ̀lára nígbà tí iṣẹ́ ń lọ? Bí awọ bá ya, kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú, kí ẹ̀rù má bàa pa yín. Nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ni èjìká rẹ̀ kan máa ń rọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, apá kò ní ṣeé gbé sókè. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta pàápàá, nígbà tí gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé. Ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀ bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń padà láàárín oṣù mélòó kan.

Kí ṣúgà Bàbá wálẹ̀ dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí ojú ọgbẹ́. Bí wọ́n bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi dókítà.

Físíò Onísùúrù

Mo fẹ́ fi kún un nípa ohun tí ẹ lè máa retí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bọkàn jẹ́. Ìdí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ yìí ni kó má bàa burú sí i. Ohun tó bá padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà á pẹ̀lú ìdúpẹ́. Bí okùn ṣe pẹ́ tó lábẹ́ ìfúnpá ló ń sọ bó ṣe máa padà tó. Ìrìn àti ọwọ́ kì í sàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkú tó wà ní ṣóńṣó ìka ló máa ń gbẹ́yìn, ó sì lè má lọ tán. Ìyípadà lè máa wá títí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Nílé, kí wọ́n máa fi ìka mú nǹkan kéékèèké, kí wọ́n máa fún aṣọ ìnura tútù, kí wọ́n máa ki bọ́tìnì bọ ihò láìsí ìkánjú. Kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ṣubú kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, tí apá tàbí ẹsẹ̀ sì rọ, ẹ má gbé wọn dìde, ẹ má mi orí wọn, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ìtọ̀ bá dúró, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ọmọ Bàbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, eegun náà kò dé ìlà tí nọ́ọ̀sì sọ. Wọ́n ya ẹ̀yìn àyà pẹ̀lú nítorí pé mo bèèrè, ibẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, èjìká òsì rọ. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n èmi ti ka ibí yìí, mo pè wọ́n, wọ́n ya MRI lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì. Apá náà ti ń gbé dé ìgbáàyà báyìí. Bàbá ní ilẹ̀ ti padà sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn. Ẹ̀ṣẹ́ dídì di 13. Nínú bọ́tìnì márùn-ún, wọ́n ń fúnra wọn ki méjì, a kì í sì í bá wọn ki àwọn yòókù àfi tí wọ́n bá pè wá.

Oorun ló kù tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn kò mọ bí àwọn ṣe lè fi èjìká yìí sùn, dídìde lórí ibùsùn sì ń fà wọ́n lọ́rùn.

Ẹ̀rín Ayọ̀

Ẹ kú oríire o! Ìrọ̀rí kan ṣoṣo, èyí tí kò ga, kí ọrùn má bàa tẹ̀ síwájú. Kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, kí ẹ fi ìrọ̀rí kékeré mìíràn sábẹ́ apá òsì kó má bàa máa fa èjìká wálẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n má fi orí ṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ara wọn jókòó. Kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó dìde dúró. Mo ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dòní.